Típà mi kò fà mọ́: ṣé kí n pààrọ̀ kíráùn àti píníọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Mo ní típà táyà mẹ́wàá tó ń kó yanrìn lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Tó bá ti ru ẹrù, ó máa ń pẹ́ kó tó gbéra, òkè kékeré sì ń dà á láàmú. Dẹ́rẹ́bà mi ní ká ra kíráùn àti píníọ̀n mìíràn, àmọ́ nítorí owó, ká kọ́kọ́ ṣe ti ákísù kan (irin tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀) ná. Lọ́dún tó kọjá, a yọ táyà 11.00R20 kúrò, a fi 12.00R20 sí i. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Mọ́mì, ẹ kú ìnáwó ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà yín ò parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ti “ákísù kan ná” yẹn, ẹ má gbọ́ ọ rárá. Màá bọ̀ síbẹ̀.

Pòròpélà ló ń gbé agbára ti inú jíàbọ́ọ̀sì wá sẹ́yìn. Píníọ̀n, jíà kékeré, ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì ń yí kíráùn, jíà ńlá tó wà nínú ákísù. Ẹ ka eyín kíráùn, kẹ́ ẹ fi eyín píníọ̀n pín in. Bí kíráùn bá ní eyín 41, tí píníọ̀n ní 11, ó di 3.73: iye ìgbà tí pòròpélà máa yí nìyẹn kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ 39 àti 8, ó di 4.88. Bí iye yẹn bá ṣe ń ga sí i ni ọkọ̀ ṣe ń fà sí i. Láti 3.73 sí 4.88, ohun tó ń dé ọwọ́ táyà fi bí ìdá 30 nínú 100 lé sí i, nínú gbogbo jíà. Ẹ́ńjìnnì ò kúkú lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o. Ṣe ló ń yí púpọ̀ sí i kí táyà tó yí díẹ̀.

Ibẹ̀ ni owó ti ń jáde. Pẹ̀lú táyà 12.00R20, tí jíà tó ga jù bá jẹ́ ọ̀kan sí ọ̀kan (ìyẹn ni pé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ni pòròpélà náà ń yí), ọkọ̀ tó wà lórí 80 kìlómítà ní wákàtí kan á mú ẹ́ńjìnnì yí bí ìgbà 1,450 ní ìṣẹ́jú kan lórí 3.73. Lórí 4.88, ó ti di 1,900. Dísù á máa lọ, ariwo á pọ̀, ọkọ̀ ò sì ní lè sáré tó ti àtijọ́. Tírélà tó ń ti Ògèrè lọ Kánò ò gbọdọ̀ dán an wò. Tiyín tó ń lọ Ẹ̀pẹ́ tó sì ń padà lè gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, lójú tèmi, 4.88 ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ 3.73 ló wà nínú ọkọ̀ yín, 4.10, ìyẹn eyín 41 sí 10, á fi bí ìdá 10 nínú 100 kún ohun tó ń dé ọwọ́ táyà.

Ní ti ákísù kan: táyà mẹ́wàá, ákísù méjì tó ń fà ló wà lẹ́yìn, orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ń yí. Bí kíráùn wọn ò bá rẹ́, jíà tó ń pín agbára láàárín wọn ò ní sinmi. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ṣágámù, oníbàárà ọ̀gá mi kan fi kíráùn àti píníọ̀n tòkunbọ̀ sí ákísù kan ṣoṣo, kò ka eyín wọn. Kó tó dé Òdógbolú, ákísù ti ń rú èéfín, nígbà tí a sì tú u, àwọn jíà kéékèèké inú rẹ̀ ti jóná. Méjèèjì lẹ máa ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì ra kíráùn lọ́tọ̀, píníọ̀n lọ́tọ̀. Ojú kan náà ni wọ́n ti ń lọ̀ wọ́n pọ̀ ní ilé iṣẹ́, tọkọtaya ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó náwó, táyà tẹ́ ẹ pààrọ̀ yẹn ń bẹ níbẹ̀. 12.00R20 ga ju 11.00R20 lọ, ó sì gba bí ìdá 4 nínú 100 agbára tó ń fa ọkọ̀ lọ́wọ́ yín. Kò tó láti sọ ọkọ̀ di aláìlera, nítorí náà nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ fílítà afẹ́fẹ́ wò, kí wọ́n wo rọ́bà tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) bóyá ó ti ya, kí wọ́n wo kíláàṣì bóyá ó ń yọ̀. Tí ọkọ̀ bá dé láti ìrìn àjò, ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ ibi bíréèkì ní táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì rẹ̀ ló ń dì í mú. Tó bá sì jẹ́ inú ihò yanrìn ni táyà ti ń yí lásán, jíà kankan ò lè gba yín níbẹ̀.

Bí gbogbo ìyẹn bá dára tí ẹ ṣì fẹ́ ṣe é, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà wo ibi tí eyín ti ń kan ara wọn ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kàn ń dì í pa ni. Ẹ bu ọ́ìlì jíà tuntun sí i, kẹ́ ẹ má sì di ẹrù kún ọkọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Tó bá sì jẹ́ láti jíàbọ́ọ̀sì ni mítà ìsáré ti ń gba ìròyìn, á máa purọ́: tẹ́ ẹ bá kúrò lórí 3.73, bó bá fi 80 hàn lórí 4.10, bí 73 ni dẹ́rẹ́bà yín ń sá.