Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Ọkọ̀ Ìṣeré, Ẹ Rí i Dájú Pé Pákó Yín Ti Gbẹ

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi o, ẹ̀yin tí ẹ kó ara yín jọ ní Ìkòròdú láti máa gbẹ́ ọkọ̀ ìṣeré fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ béèrè bóyá ìrókò ni igi tí ó dára jù. Èmi kò ní fi ìrókò ṣe é: ó le, ó wọ́n, ìyẹ̀fun rẹ̀ a sì máa fa ikọ́ àti ara yíyún fún ẹni tí kò bá bo imú. Arère fúyẹ́, ayùn ọwọ́ a sì máa gé e wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa náà gbẹ́ irú ọkọ̀ yìí ní Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe irú igi ni ó da ọ̀rọ̀ tiwa rú, bí kò ṣe omi tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ gẹdú tí wọ́n ń là létí ọ̀sà wa ni wọ́n gba orí omi fà wá, nítorí náà ojú pákó lè gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹni tí ó ta tiwa búra pé ó ti gbẹ. A gé táyà, a lu ihò sí i, a ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ sì dúró gbọin-gbọin. Ó ku kí a kó wọn fún àwọn ọmọ ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan bá ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ títí ọ̀gá òun yóò fi wá ya fọ́tò. Wọ́n ti ẹrù wa mọ́ yàrá onípáànù kan, wọ́n ń sọ fún wa pé kí a máa bọ̀ lọ́la, títí ọyẹ́ fi dé. Nígbà tí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn, táyà tí ó rí roboto ti rí gbọọrọ bí ẹyin, nítorí pé igi a máa sún kì ní ìbú ju gígùn rẹ̀ lọ; òmíràn sán láti ojú ihò dé etí. Ìyá àgbà kan tí ó fi sáńpépà ra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀kan, ọ̀pá rẹ̀ sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ní, “Ṣé ẹnu ọmọ ọlọ́mọ ni èyí ì bá bọ́ sí?” Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtà gbọ́. Ẹ to pákó sí abẹ́ òrùlé, kì í ṣe inú oòrùn, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá. Èyí tí ó nípọn tó íǹṣì 1 lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ máa gbé ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀; bí ìwúwo rẹ̀ kò bá dínkù mọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Gígé, lílu ihò àti lílẹ̀ kò le, káfíńtà yòówù á fi hàn yín.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ẹ má fi ohunkóhun tí ó lè wọ ihò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 31.7 sí i, kí ó má baà há a lọ́fun. Ẹ lu irú ihò bẹ́ẹ̀ sára pákó kan, kí ẹ fi máa dán gbogbo ẹ̀yà wò. Ẹ sá fún ọ̀dà tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, torí òjé, irin olóró tí wọ́n ń pè ní “lead” lédè Gẹ̀ẹ́sì. Òjé yìí kan náà, láti inú erùpẹ̀ wúrà, ni ó pa àwọn ọmọ tí wọ́n tó 400 ní Zamfara ní ọdún 2010. Ó sàn kí ẹ fi igi náà sílẹ̀ láìkùn ún.

Ẹ má sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá yín lé òṣìṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá parí ni kí ẹ kó wọn lọ bá olùkọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò lè wá bá yín níbẹ̀.