Èsì: Ṣé ẹni tó ń kọ eré rédíò lè máa ṣe é pẹ̀lú?

Àbúrò, ó lè ṣe méjèèjì, ó sì sàn bẹ́ẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1975, ti kọ Camwood on the Leaves fún rédíò láti 1960. Òṣèré sì ni òun náà. Ẹni tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ nídìí gbohùngbohùn á tètè mọ gbólóhùn tó gùn jù. Etí nìkan ni olùgbọ́ ní: bí Àdùkẹ́ inú eré rẹ bá wọlé, kí ilẹ̀kùn dún, kí ẹnìkan sì pe orúkọ rẹ̀ kíá. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó máa sọ pé "mo ti ń ṣílẹ̀kùn o" (ìyẹn máa ń sú mi gan-an!). Owó ibẹ̀ kò pọ̀, má tíì fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Kọ ìran kan péré, kí o gbé e lọ sí Orísun FM níbí ní Ifẹ̀.