Ṣé jíìnsì lásán tó fún ẹni tó ń gun máṣíìnì kiri Òṣogbo?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún 26 ni mí, dísípáàṣì ni mò ń ṣe, máṣíìnì ni mo fi ń gbé ẹrù láti Òkèfìà dé Abéré, nígbà míì mo máa ń dé Ẹdẹ àti Ìlobù. Jíìnsì ni mò ń wọ̀ lójoojúmọ́, òkirikà ọjà Ìgbọ̀nà ni, àwọn tó máa ń nà yẹn, ọ̀kan ti já lórúnkún àmọ́ mo ṣì ń wọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tí mo bá ti wọ jíìnsì kò sí bí mo ṣe lè ṣubú kí n bó. Ẹlòmíì ní àfi kí n ra jíìnsì oní-Kevlar, òwú líle kan tí kì í tètè já, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ẹ̀ dẹ̀ ju agbára mi lọ. Èwo ni kí n ṣe mà? Ìyàwó mi náà máa ń jókòó sẹ́yìn mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìró ló máa ń ró.

ÌDÁHÙN: Káàsán, ọmọ mi. Kí n tètè sọ ọ́ kó má baà sọnù sáàárín ọ̀rọ̀: jíìnsì lásán kò tó. Ó sàn ju ṣòkòtò péńpé lọ, ó sàn ju ṣòkòtò áńkárá lọ dáadáa, àmọ́ ẹni tó bá sọ fún ẹ pé kò sí bó o ṣe lè ṣubú kó o bó, kò tíì rí ohun tí ojú mi rí. Kevlar náà ò sì pọn dandan lónìí. Ohun kan wà láàárín méjèèjì tí owó ẹ á ká, òun ni mo fẹ́ kó o ṣe.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó ní jàǹbá ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, èmi náà dẹ̀ ń gun máṣíìnì lédíìsì lọ síbi iṣẹ́ láti ìgbà tí àbígbẹ̀yìn mi ti wà ní pámárì. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan, ọ̀nà Gbọ̀ngán ló ti ń bọ̀, iyanrìn etí títì ló yọ̀ ọ́ nígbà tó tẹ búrékì. Jíìnsì gidi ló wọ̀ o, kì í ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Orúnkún òsì ẹ̀ ti lu, ihò náà tó àwo kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ọ̀bù tíì lé, etí ẹ̀ dà bí ìrùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, òwú búlúù òun òwú funfun, wọ́n ti rì sínú ẹran ara ẹ̀ pẹ̀lú iyanrìn àti ọ̀dà. Mo ń rọ omi sálíìnì sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń fi fọ́sẹ́ẹ̀pù fa òwú yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kà á sókè kó lè rí nǹkan gbọ́ yàtọ̀ sí ìrora, mo kà á dé mọ́kànlélógójì kí n tó dákẹ́. Ó di kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ mọ́ ẹnu ni. Ọ̀dà tá ò bá rí yọ nínú irú egbò bẹ́ẹ̀, abẹ́ awọ ló máa wà títí, á dúdú síbẹ̀ bí ara fínfín. Àmọ́ mi ò ní purọ́, ibi tí jíìnsì ẹ̀ ò ti lu, itan àti ojúgun, ó kàn ha fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọjọ́ mẹ́rin ó ti jinná. Torí náà jíìnsì ń ṣe nǹkan, ó kàn jẹ́ pé kì í pẹ́ lórí títì ni.

Wò ó, tó o bá ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, tó jẹ́ eré tí ẹ̀ ń sá láti Ọláìyá lọ sí Ògo-Olúwa láìmọ̀ pé ẹ̀ ń sáré rárá, mítà bíi 14 lò ń kọjá ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Tó o bá jábọ́ sórí ọ̀dà, ara ẹ lè wọ́ tó mítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dúró, ìyẹn bíi sẹ́kọ́ǹdì méjì àbọ̀. Ní Yúróòpù, ẹ̀rọ wà tí wọ́n fi ń yẹ aṣọ àwọn oní-máṣíìnì wò, bẹ́líìtì tó dà bíi sáńpépà ló ń sáré lára ẹ̀, wọ́n á tẹ aṣọ mọ́ ọn. Jíìnsì ọjà lásán sábà máa ń lu níbẹ̀ kó tó pé sẹ́kọ́ǹdì kan. Nínú ìlànà tí wọ́n ń lò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, awọ tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ máṣíìnì gbọ́dọ̀ lo sẹ́kọ́ǹdì mẹ́rin kó tó yege ní ìpele àkọ́kọ́. Nínú sẹ́kọ́ǹdì méjì àbọ̀ yẹn, jíìnsì san ìwọ̀nba tó lè san, ìyókù di gbèsè awọ ara ẹ.

Àwa ará Òṣogbo ló dẹ̀ yẹ ká mọ aṣọ yìí jù, ṣebí ìlú aró ni wọ́n ń pe ìlú wa. Àwọ̀ ẹ̀lú yẹn náà ni àwọ̀ jíìnsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kẹ́míkà ni wọ́n fi ń ṣe é lóde òní. Nígbà tí Levi Strauss àti Jacob Davis gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1873 láti máa fi irin kan etí àpò ẹ̀ kó má baà tètè ya, aṣọ lébìrà ni wọ́n ń ṣe, kò sẹ́ni tó rò ó mọ́ máṣíìnì. Òwú tó lọ gbọọrọ ni wọ́n ń rẹ láró, èyí tó dábùú ẹ̀ funfun ni, ìdí nìyẹn tí inú jíìnsì fi máa ń funfun. Aró yẹn kì í wọnú òwú dé ìsàlẹ̀, èèpo ẹ̀ nìkan ló máa ń mú. Torí ẹ̀, tó o bá rí i tí orúnkún tàbí ìdí jíìnsì ẹ ti ń funfun, jíjókòó àti dídìde lásán ló ti ha èèpo òwú yẹn lọ, títì ò tíì kàn án o. Gbé e sókè kọjú sí oòrùn, tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ibẹ̀ wọlé ju ibòmíì lọ, sọ ọ́ di aṣọ ilé.

Àwọn tó ń nà yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Yẹ lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rán mọ́ inú ẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ elastane, òwú tó ń jẹ́ kí aṣọ nà, 1% tàbí 2%, ìyẹn ò burú jù, polyester ni kó o ṣọ́ra fún. Ọmọ ìyá ike ni, ibi tí ara bá ti ń ha títì ooru á mú un, á yọ́, á lẹ̀ mọ́ egbò bí ọ̀rá tó jó. Kọ́tìn kì í yọ́. Nípa sàlẹ́ńsà náà bákan náà ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó bá fara kan sàlẹ́ńsà gbígbóná, jíìnsì kọ́tìn tó nípọn á fún ẹ láyè kó o fà á kúrò, èyí tó fẹ́lẹ́ tó dẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara ò ní fún ẹ láyè kankan. Ọ́ǹsì ni wọ́n fi ń wọn bí jíìnsì ṣe nípọn tó, àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń wà ní 8 sí 10, wá èyí tó tó 13 tàbí 14. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wọ̀n ọ́n nídìí òkirikà, ọwọ́ ẹ ni wàá fi mọ̀ ọ́n, ó máa ń wúwo bí aṣọ òkè, tó o bá ká a, kì í fẹ́ ṣẹ́. Èyí tó ti já lórúnkún, má wọ̀ ọ́ gun máṣíìnì mọ́, ihò yẹn á kọ́ títì, á ya lọ dé itan.

Kevlar kì í ṣe irọ́ o. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Stephanie Kwolek ló ṣàwárí ẹ̀ nílé iṣẹ́ DuPont ní 1965. Tó o bá rówó rà á lọ́jọ́ iwájú, má kàn wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀, yí inú ẹ̀ síta, wá EN 17092, nọ́ńbà ìlànà Yúróòpù fún aṣọ máṣíìnì, lára lébẹ́ẹ̀lì, lẹ́tà A, AA tàbí AAA á wà níbẹ̀, AAA ló lágbára jù, A àti AA tó fún àárín ìlú. Kó o tún fọwọ́ tọ́ láìnìn ẹ̀ bó ṣe lọ, torí àwọn kan kàn ń lẹ ẹ̀ mọ́ orúnkún nìkan, ìdí àti egungun ìbàdí ò ní nǹkan kan. Má fi Jik fọ̀ ọ́, má dẹ̀ yí inú ẹ̀ síta sá sóòrùn, oòrùn àti Jik máa ń ba òwú Kevlar jẹ́.

Ohun tí mo ṣe sí tèmi nìyí, òun ni mo fẹ́ kó o gbé lọ fún télọ̀. Ra jíìnsì kọ́tìn tó nípọn, kó fi nọ́ńbà kan tàbí méjì tóbi ju èyí tó ò ń wọ̀ lọ, kó o tún ra ògbólógbòó kan tó nípọn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n máa gé. Kí télọ̀ tú ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ ẹ̀, torí inú ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń rán ní dọ́búlù, ìyẹn le láti tú. Kó wá gé jíìnsì kejì yẹn tẹ́ ẹ sínú, ó gbọ́dọ̀ bo gbogbo ìdí, kó bo ìbàdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kó tún sọ̀ kalẹ̀ kọjá orúnkún tó ìbú ọwọ́ kan. Awọ màlúù lọ́dọ̀ àwọn tó ń rán báàgì tún dáa jù ú lọ níbi orúnkún, àmọ́ ó máa ń mú ooru. Òwú tí wọ́n máa fi rán an ṣe pàtàkì o, mo ti rí jíìnsì tó nípọn tí aṣọ ẹ̀ ò ya rárá, ojú rírán ló tú láti ìdí dé itan, torí náà lọ ra òwú náílọ́ọ̀nù tí àwọn ṣúmékà fi ń rán bàtà, òun ni kó fi rán gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí télọ̀ tó fọwọ́ kan orúnkún ẹ̀, wọ jíìnsì yẹn, kó o jókòó sórí máṣíìnì ẹ, gbé ẹsẹ̀ ẹ síbi tó máa ń wà, kó o fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú orúnkún gan-an. Wàá rí i pé àmì yẹn ò sí níbi tó o rò nígbà tó o wà ní ìdúró, aṣọ máa ń sún sókè. Nínú ibi tó o sàmì sí ni kó rán àpò sí, àpò tí orúnkún-gáàdì máa wọ̀. Jíìnsì tó nípọn tó báwo náà, kódà Kevlar, ó ń gbà ẹ́ lọ́wọ́ híha ni, kò lè gba ìkọlù, ọmọ orúnkún tó bá gbá ilẹ̀ á fọ́ nínú jíìnsì tí ò já. Gáàdì tó ní EN 1621-1, nọ́ńbà ìlànà Yúróòpù fún gáàdì máṣíìnì, lára ló dáa jù. Tí kò bá sí, àwọn oníke líle tí wọ́n ń de mọ́ orí jíìnsì, tó bo ojúgun, ṣì sàn ju òfìfo lọ. Nígbà tó o bá ṣì jókòó bẹ́ẹ̀, wo ẹsẹ̀ ẹ nísàlẹ̀, tí kókósẹ̀ ẹ bá hàn, jíìnsì yẹn kúrú, kó o dẹ̀ fi bàtà tó bo kókósẹ̀ kún un, sílípáàsì kì í ṣe bàtà máṣíìnì rárá.

Má kó kọ́kọ́rọ́ sápò iwájú. Mo ti rí èyí tí eyín kọ́kọ́rọ́ hàn gbangba lára itan ẹni, bí ìgbà tí wọ́n tẹ òòtẹ̀. Ti hẹ́límẹ́ẹ̀tì mo mọ̀ pé o ní, láti January 2009 ni Road Safety ti ń fi dandan lé e, ìgbà yẹn igbá ni àwọn kan ń dé, igbá ò lè gba orí là. Ọmọ dísípáàṣì, máa so okùn tìẹ mọ́ àgbọ̀n.

Ooru á mú ẹ, mi ò ní sọ pé kò ní mú ẹ, pàápàá láti February sí April. Ìdí tí mo fi ní kó tóbi díẹ̀ nìyẹn, kí atẹ́gùn lè gba inú ẹ̀. Ní méjì tó o máa fi ń pààrọ̀ ara wọn, kó o máa fọ̀ wọ́n, torí ibi tí òógùn bá ti ń mú itan rin ni làpálàpá ti máa ń ráyè. Tójò bá pa á, bọ́ ọ tó o bá délé, jíìnsì tútù máa ń wúwo, á máa ha abẹ́ itan.

Ìyàwó ẹ wá. Ìró ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo lẹ́tà ẹ, ju jíìnsì tó já yẹn lọ. Etí ìró máa ń wọnú ṣéènì tàbí sípóòkù, kì í sì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ títí á fi fà á ṣubú. Kó wọ ṣòkòtò jíìnsì sísàlẹ̀, kó jókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ méjì, kó ká ìró sínú báàgì, tó bá dé ṣọ́ọ̀bù á ró o. Àwọn arábìnrin wa tó ń wọ jálàbábù, kí wọ́n wọ ṣòkòtò sínú bákan náà, kí wọ́n ká etí ẹ̀ jọ sí abẹ́ itan, kí wọ́n jókòó lé e dáadáa.

Tí sàlẹ́ńsà bá jó ọ̀kan nínú yín, omi ẹ̀rọ tútù ni, ogún ìṣẹ́jú gbáko, kò gbọdọ̀ sí epo pupa, kò gbọdọ̀ sí ọṣẹ ìfọyín tàbí ẹyin. Tó bá jẹ́ ìṣubú, ẹ wẹ yẹ̀pẹ̀ orí ẹ̀ pẹ̀lú omi tó mọ́, ẹ má da sípírítì sí i, ẹ máa bọ̀ wá gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Tí jíìnsì bá ti lẹ̀ mọ́ egbò, ẹ má fà á, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tó wà láyìíká ẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí èyí tó lẹ̀ wà síbẹ̀ títí ẹ máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, a máa yọ ọ́.