Gíà ọ́tò tó ń yọ̀: ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọkọ̀ ọ́tò àlòkù ni mo ń wà, ó ti rin 190,000 kìlómítà. Tí mo bá fi gíà sí D láàárọ̀, ó máa ń tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kó tó gbé. Tó bá sì fẹ́ kúrò ní gíà kejì bọ́ sí ìkẹta, ẹ́ńjìnnì á kàn máa ké, ọkọ̀ ò ní sáré sí i. Mẹkáníìkì kan ní kí n lọ ra gíàbọ́ọ̀sì àlòkù, èkejì ní òun lè tú u kí òun tún un ṣe. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbọ́ ti ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Kò sí èyí tó sọ ohun tó bàjẹ́ gan-an fún yín, bẹ́ẹ̀ ohun tó bàjẹ́ ló máa sọ bóyá ó ṣeé tún ṣe.

Ọ́ọ̀lì gíà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná, kó sì máa ṣiṣẹ́ ní P, kẹ́ ẹ tó fa ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ yọ. Ní ti ọ̀pọ̀ Honda, ṣe lẹ máa pa ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ò ní ọ̀pá rárá, nọ́ọ̀tì kan ni wọ́n ń tú lára gíà nígbà tí ọ́ọ̀lì bá dé ìwọ̀n ooru tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Kí ọ́ọ̀lì lọ sílẹ̀ nìkan ti tó láti fa gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, torí agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ọ̀lì ló ń tẹ àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì inú gíà pọ̀ kí wọ́n lè di ara wọn mú. Gíà kì í jó ọ́ọ̀lì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jó o; tó bá ti dín, ibì kan ló ti ń jò.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Pupa dára, pupa tó ti ń di búráùn ò tíì burú. Èyí tó dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná ń sọ fún yín pé àwo kílọ́ọ̀ṣì ti jóná. Tó bá wá dà bí ìgbà tí wọ́n po mílíìkì mọ́ nǹkan pupa, omi rédíétọ̀ ti wọ inú gíà nìyẹn. Omi yìí máa ń tú gọ́ọ̀mù tó lẹ ojú àwo kílọ́ọ̀ṣì mọ́ irin. Bẹ́ ẹ bá ra gíà tuntun láìpààrọ̀ rédíétọ̀ náà, omi á pa ìyẹn náà.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n sọ páànù abẹ́ gíà kalẹ̀. Òòfà kékeré kan wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé nǹkan dúdú tó kúnná ló lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí wàhálà, ọjọ́ orí ni. Àwọn èérún irin tí ọwọ́ lè mú ló ń dẹ́rù bani: eyín gíà tàbí bearing kan ti fọ́.

Kí wọ́n so sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, mọ́ ọn pẹ̀lú. Kóòdù P0700 ò ju pé kọ̀ǹpútà gíà ní ẹjọ́ láti rò. Ẹ bèèrè kóòdù tó tẹ̀ lé e. P0750 tàbí P0755 jẹ mọ́ solenoid, fáàfù oníná tó ń yí gíà, P0715 àti P0720 jẹ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìyípo. Wáyà tó já tàbí omi tó wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbé wọn jáde, nítorí náà kí wọ́n wọn wáyà kí wọ́n tó ra ohunkóhun. P0733 ń sọ pé gíà kẹta ń yọ̀, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀.

Ẹ sọ ti D, ẹ ò sọ ti R. Ẹ dán an wò láàárọ̀, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí R bá gbé lójú ẹsẹ̀ tí D ń pẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rọ́bà síìlì kílọ́ọ̀ṣì tó ń gbé ọkọ̀ lọ síwájú ló ti gan. Tí méjèèjì bá ń pẹ́, ẹ fura sí ọ́ọ̀lì, fíltà tó dí, tàbí pọ́ǹpù. Àìsàn tó ń fúyẹ́ bí ọkọ̀ bá gbóná sábà máa ń jẹ́ ti síìlì. Èyí tí ooru ń mú le sí i burú jù, torí ọ́ọ̀lì tó ti ṣàn ń gba ojú ibi tó ti jẹ kọjá.

Tí ọ́ọ̀lì bá mọ́, tí òòfà ò mú èérún, tó sì jẹ́ solenoid tàbí valve body (irin tí ọ̀nà ọ́ọ̀lì àti àwọn fáàfù gíà wà nínú rẹ̀) ló ní ẹ̀bi, ẹ tún un ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, a lè pààrọ̀ wọn láìsọ gíà kalẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ fíltà, kí wọ́n sì lo irú ọ́ọ̀lì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ gan-an. Ìdámẹ́ta sí ìdajì ọ́ọ̀lì ló ń jáde bẹ́ ẹ bá dà á nù lẹ́ẹ̀kan, ìyókù wà nínú torque converter, ohun tó kún fún ọ́ọ̀lì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà. Ẹ wà á díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún un dà. Ṣùgbọ́n ọ́ọ̀lì tuntun ò lè dá àwo tó ti jóná padà, ẹnikẹ́ni yòówù tó bá ń ta "flush" (fífi ẹ̀rọ ti gbogbo ọ́ọ̀lì àtijọ́ jáde) fún yín.

Bó bá jẹ́ àwo ló jóná, tí eyín gíà ṣì pé, èmi á fara mọ́ títú u ju àlòkù lọ, bí ẹni tó fẹ́ tú u bá mọ irú gíà náà dunjú. Gbogbo àwo kílọ́ọ̀ṣì, gbogbo síìlì àti gásíkẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Kí wọ́n pààrọ̀ torque converter tàbí kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì fọ páìpù tó ń gbé ọ́ọ̀lì lọ sí rédíétọ̀, torí ìdọ̀tí ti àtijọ́ wà níbẹ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tó jẹ́ kí àwo jóná. Bí kò bá rí ìdáhùn, a jẹ́ pé yóò tún jóná.

Àlòkù tọ́ nígbà tí irin inú bá ti fọ́, tí ara gíà bá ti sán, tàbí tó bá jẹ́ CVT (gíà tó ń lo bẹ́líìtì dípò eyín gíà), tí ẹni tó lè tú u dáadáa kò pọ̀. Kóòdù tó wà lára gíà, ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì, ọdún ọkọ̀ àti iye táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ wo ọ́ọ̀lì inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì gba ìwé àdéhùn tó kan owó iṣẹ́ pẹ̀lú. Kí wọ́n fi síìlì pọ́ǹpù tuntun sí i nígbà tó ṣì wà nílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba gíà jẹ́ rèé: torque converter gbọ́dọ̀ wọlé débi tí ara gíà á fi kan ẹ́ńjìnnì láìlo bóòtù. Ẹni tó bá fi bóòtù fà á pọ̀ máa fọ́ pọ́ǹpù.

Ní ti owó, bí iṣẹ́ náà bá ju ìdajì iye tí ọkọ̀ tó ti sàn yóò tà lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn compression ẹ́ńjìnnì, ìyẹn agbára tó fi ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ má fi gíà tó dáa sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń kú lọ.

Títí dìgbà yẹn, ẹ má fi gíà tó ń yọ̀ rìn jìnnà. Ooru rẹ̀ á jó àwọn àwo tó kù. Bó bá dúró sọ́nà, ẹ má fi okùn fà á pẹ̀lú táyà tó ń fa ọkọ̀ nílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù, tó bá ti kú, inú gíà á máa yí láìsí ọ́ọ̀lì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù.