MCN yàtọ̀ sí IPMN o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ́ ọ pọ̀ fún yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọ́n kọ "MCN tàbí IPMN" sínú èsì síkáànù màmá yín, tẹ́ ẹ wá ń bèèrè bóyá nǹkan kan náà ni, rárá o. Kókó olómi ni MCN (mucinous cystic neoplasm) àti IPMN (intraductal papillary mucinous neoplasm). Inú pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, làwọn méjèèjì ti ń yọ, omi tó ń yọ̀ bí ilá ló ń wà nínú wọn, wọ́n sì lè di jẹjẹrẹ tó bá yá. Ibi tí wọ́n ti jọra mọ nìyẹn.

MCN ni tèmi. Ẹni ọdún 46 ni mí nígbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ òsì ń dùn mí, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń gbé oògùn ọgbẹ́ inú mì. Ìgbà tí síkáànù wá gbé kókó olómi jáde, dókítà ní pseudocyst ni, ìyẹn omi tó máa ń gbá jọ lẹ́yìn tí pancreas bá wú. Mo ní dókítà, pancreas mi ò wú rí, mi ò mutí, mi ò ní òkúta nínú àpò òróòro. Kò tiẹ̀ wojú mi. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fa omi ẹ̀, wọ́n dà á nù, wọn ò gbé ẹ̀kán kan lọ sí láàbù! Kí oṣù márùn-ún tó pé ó ti kún padà, ó tún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Obìnrin, kókó kan ṣoṣo, ní ìrù pancreas, láìsí pé pancreas wú rí, MCN ló yẹ kó kọ́kọ́ wá sọ́kàn dókítà yẹn, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Torí obìnrin ni MCN ń ṣe jù, ní bíi ogójì sí àádọ́ta ọdún, kì í sì í ṣí sínú páìpù pancreas. Tí wọ́n bá gé e wò, wọ́n á rí ẹran tó jọ ti ilé ẹyin obìnrin nínú ẹ̀. IPMN ní tiẹ̀, inú páìpù yẹn gan-an ló ti ń hù, ó ń ṣe ọkùnrin ó ń ṣe obìnrin, àwọn tó ti lé ní 60 ló pọ̀ jù, orí pancreas ló sábà máa ń wà, ó sì lè ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣe MRCP, irú síkáànù MRI kan, òun ló ń fi páìpù hàn dáadáa. Tí páìpù ńlá bá ti fẹ̀ tó mìlímítà 10, ẹ tètè wá oníṣẹ́ abẹ.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi CEA, èròjà kan tí wọ́n máa ń wọ̀n nínú omi kókó, dẹ́rù bà yín o. Tí CEA inú omi kókó bá ju 192 ng/mL lọ, ohun tó ń sọ ò ju pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olómi yíyọ̀, kò lè sọ èwo nínú méjèèjì, kò sì sọ pé ó ti di jẹjẹrẹ.

Wọ́n gé tèmi kúrò, kò sí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀, ó parí síbẹ̀. IPMN ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ṣì máa wo pancreas tó kù.

Tó bá jẹ́ ìrù ni wọ́n fẹ́ gé, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa yọ spleen mọ́ ọn, ìyẹn ẹ̀yà ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù pancreas, tó ń bá wa gbógun ti àrùn. Tí wọ́n bá máa yọ ọ́, ó yẹ kí màmá yín gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, nọ́ọ̀sì kan ló bi mí lọ́jọ́ tí mo fẹ́ wọ tíátà. Ní báyìí tí mi ò ní spleen mọ́, tí ara mi bá ti gbóná díẹ̀, mi kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́, ọsibítù ni mò ń gbà lọ lóru.