Kí ni ìmọ̀lára túmọ̀ sí lójú àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí àti ẹlẹ́sìn?

Ìmọ̀lára ni bí nǹkan ṣe ń rí lára ẹni tó ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1974, Thomas Nagel, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, fi àdán ṣàlàyé rẹ̀: kódà ká mọ gbogbo bí etí àdán ṣe ń ṣiṣẹ́, a ò ní mọ bó ṣe ń rí lára àdán fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro àtiṣàlàyé ìmọ̀lára wà. Ẹ má sì ka ìmọ̀lára sí làákàyè o. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lè ronú jinlẹ̀ ń mọ ìrora.

Àwọn ẹlẹ́sìn Advaita Vedanta, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan nínú ẹ̀sìn Híńdù, ní ipò mẹ́rin ni ìmọ̀lára ní: àìsùn, àlá, oorun àsùnwọra, àti turiya tó ń bẹ nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ò gbà pé ìmọ̀lára dúró sójú kan: ìgbà tí ojú bá pàdé ohun tó ń wò ni ìmọ̀lára ojú ń wáyé, bẹ́ẹ̀ náà ni ti etí, imú, ahọ́n, ara àti ọkàn.