Ṣé mo lè mú irin díẹ̀ wálé lára bàálù tó já sórí òkè Bleaklow?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Manchester ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń kọ́ nípa Ogun Àgbáyé Kejì níléèwé. Ó rí fọ́tò bàálù kan tí àwọn Jámánì yìn níbọn tó já sórí òkè Bleaklow, kò sì jẹ́ kí n sinmi mọ́. A fẹ́ lọ wò ó lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá. Ṣé a nílò ìwé àṣẹ? Ṣé máàpù orí fóònù lè gbé wa débẹ̀? Ọmọ náà fẹ́ mú irin kékeré kan wá fún tíṣà rẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé pàǹtírí tí kò ní ẹni tó ni ín ni. – Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Ẹ má mú un. Ìyẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nítorí òun ni àwọn tí mò ń mú gòkè máa ń bi mí jù, àti nítorí pé irú ìmọ̀ràn tí ẹni ibi iṣẹ́ yín gbà yín yìí ń bí mi nínú. Ní ti lílọ síbẹ̀, ẹ kò nílò ìwé àṣẹ kankan. Orí ilẹ̀ tí òfin gba gbogbo ènìyàn láyè láti fẹsẹ̀ rìn ni ó wà.

Kí ọmọ yín má baà lọ ro ẹjọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún tíṣà rẹ̀, àwọn Jámánì kọ́ ló já bàálù yẹn lulẹ̀. Ogun ti parí lọ́dún mẹ́ta ṣáájú. Bàálù B-29 ti àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà ni, “Over Exposed” ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù lára rẹ̀, torí iṣẹ́ fọ́tò yíyà ni wọ́n ń fi ṣe. Ó wà lára àwọn tó ya fọ́tò nígbà tí Amẹ́ríkà ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní Bikini, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, ní 1946. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá 1948, ó gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú Scampton, ó ń lọ sí ti Burtonwood lẹ́bàá Warrington, ìrìn tí kò tó wákàtí kan. Kùrukùru ti bo òkè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì kọjá òkè, gbogbo àwọn 13 tó wà nínú bàálù náà ló kú.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bàálù ológun tó wà lórí àwọn òkè Britain. Kì í ṣe ìbọn ló já wọn. Kùrukùru ni, òkùnkùn ni, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ló ṣìnà. Nítòsí ibi tí ẹ fẹ́ lọ yìí, lórí James's Thorn, ọmọ Kánádà mẹ́fà kú nínú bàálù Lancaster ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún 1945, ogun ti parí ní Yúróòpù ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Nígbà tó di oṣù keje ọdún kan náà, bàálù Amẹ́ríkà kan tún forí sọ ibẹ̀, ènìyàn méje bá a lọ. Ó kan àwa náà. Peter Thomas, ọmọ Èkó, ẹni àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí RAF, ẹgbẹ́ ológun òfuurufú Britain, fi ṣe ọ́fíṣà awabàálù, ìjàǹbá bàálù ló pa á ní 1945.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí “kò ní ẹni tó ni ín.” Ó ní. Bí ilé bàbá ẹni bá wó, bíríkì rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ti ẹni tó ń kọjá lọ. Òfin Protection of Military Remains Act ti ọdún 1986 sọ pé gbogbo bàálù tó já nílẹ̀ Britain nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun wà lábẹ́ ààbò, ì báà jẹ́ ti orílẹ̀-èdè mìíràn, ì báà ti já kí wọ́n tó ṣòfin náà. Kò dìgbà tí ẹ bá rí pátákó ìkìlọ̀. Ẹni tó bá wú u nílẹ̀, tó bà á jẹ́, tó sún un kúrò níbi tó wà, tàbí tó gbé e lọ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ministry of Defence, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ológun, ti rúfin, ilé ẹjọ́ sì lè bu owó ìtanràn lé e. Òfin kò sọ pé kékeré kò ṣe nǹkan.

Àwọn ènìyàn á ní wọ́n ti kó òkú kúrò. Òótọ́ ni, wọ́n gbé àwọn 13 yẹn sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé gbogbo ibi bẹ́ẹ̀ ló rí? Ẹ lọ sí Ben More Assynt ní àríwá Scotland. Bàálù Anson kan já síbẹ̀ ní oṣù kẹrin 1941, orí òkè náà ni wọ́n sin àwọn mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di òní. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ láti máa ṣa irin lórí Bleaklow, kí ni yóò kọ́ ọ bí wọ́n bá dé ibojì?

Àwọn mìíràn á ní irin kékeré kan kò lè yọ nǹkan kan. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo ohun tó kù dáadáa. Àwọn ẹ́ńjìnnì ńláńlá ṣì wà nílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè gbé wọn. Ohun tí ọwọ́ lè gbé ló ń tán lọ. Gbogbo ẹni tó mú un ló ń sọ pé kékeré ni. Àwọn kan tiẹ̀ ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má rà á, kódà bí wọ́n bá fi ìwé ẹ̀rí ràn án.

Afinimọ̀nà òkè ni mí, n kì í ṣe agbẹjọ́rò. Bí ọ̀rọ̀ òfin bá ṣì rú yín lójú, ẹ kọ̀wé sí Ministry of Defence. Ṣùgbọ́n mo lè sọ ti ewu. Àwọn ojú aago inú bàálù ìgbà yẹn, ọ̀dà tó ní radium, irin kan tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, ni wọ́n fi kun púpọ̀ nínú wọn kí ó lè máa tàn lóru. Ó lè má tàn mọ́ o, àmọ́ oró rẹ̀ kò kú: nǹkan bíi ọdún 1,600 ni radium fi ń dín kù sí ìdajì. Ṣé irú èyí ni ọmọdé yóò fi sápò lọ síléèwé? Ohunkóhun tó bá jọ ọta tàbí bọ́ǹbù lórí òkè èyíkéyìí, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ sàmì sí ibẹ̀ lórí máàpù, kí ẹ pe ọlọ́pàá.

Kí ọmọ náà mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ. Kí ó ya àwòrán ẹ́ńjìnnì, kí ó fẹsẹ̀ wọn bí irin náà ṣe fọ́n ká tó, kí ó da ọ̀rọ̀ ara òkúta ìrántí tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1988 kọ. Tíṣà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fẹ́ràn ìyẹn ju irin lọ.

Ní ti ọ̀nà, ẹ sún un di oṣù karùn-ún. Nínú oṣù kọkànlá, ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin, kì í sì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú ọmọ. Láti Snake Pass, lójú ọ̀nà A57, kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin ni títí dé ẹ̀bá Higher Shelf Stones, ibi tí bàálù náà wà lórí Bleaklow. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn tàn yín. Ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní peat ni gbogbo rẹ̀, omi ti gbẹ́ kòtò sí i káàkiri, wọ́n jọra wọn, ẹni tó bá wọ inú wọn kì í rí ọ̀ọ́kán mọ́. Fóònù yóò fi ibi tí bàálù wà hàn yín, kò ní fi kòtò hàn yín, òtútù sì ń tán bátìrì. Ẹ ra máàpù bébà Ordnance Survey, OL1, kí ẹ mú kọ́ńpáàsì, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ òjò àti oúnjẹ tó ju èyí tí ẹ rò pé ẹ ó jẹ lọ. Bí ẹ kò bá mọ kọ́ńpáàsì lò, ẹ tẹ̀ lé ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí kùrukùru bá bo orí òkè láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ má gòkè rárá. Ẹ mú ọmọ lọ sí Imperial War Museum North nítòsí yín, ọ̀fẹ́ ni.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sọ aago tí ẹ ó padà fún ẹnì kan. Bí aago náà bá kọjá tí kò gbúròó yín, kí ó pe 999, kí ó béèrè ọlọ́pàá, kí ó sì sọ fún wọn pé Mountain Rescue, àwọn tó ń yọ ènìyàn nínú ewu lórí òkè, ni òun ń wá.